Ejò Tó Sọnù sí Ìsọ̀ Oleta

Ẹ̀rù kì í ba gbogbo èèyàn bákan náà. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá rí nǹkan ni yóò tó sá. Oleta Stallard ní tirẹ̀ ti máa ń sá kí nǹkan ọ̀hún tó gbéra nílé. Bí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú Harlow Flat, kí àwọn tó ń da màlúù tó gbójú sókè, Oleta ti kó ìrọ̀rí àti omi, ó ti wọ àjà ilẹ̀ lọ sá fún ìjì. Bí odò bá kún, kì í wa ọkọ̀ gba orí afárá. Àkàbà kò sí nínú ohun tó ń gùn. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oleta Ẹ̀rù-ń-bà-mí ni wọ́n ń pè é, òun náà a sì dá wọn lóhùn, nítorí kò sí irọ́ ńbẹ̀.

Ìsọ̀ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ló ní. Otis, bàbá rẹ̀, ló dá a sílẹ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó la ìlú náà kọjá, Oleta ló sì kù sí lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kú, tí Vernon ọkọ rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ bá ń wá, ó wà ńbẹ̀: àpò àgbàdo lílọ̀, oúnjẹ adìyẹ, koríko dídì, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, òkúta iyọ̀ tí màlúù ń lá, báàfù onípáànù tí wọ́n fi ń fún ọmọ màlúù lómi, ìbọ̀wọ́, ìṣó. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ iwájú ìsọ̀ náà. Ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, sìmẹ́ńtì ni. Kọfí kì í tán lórí sítóòfù tó wà lẹ́bàá kántà, àwọn àgbà ọkùnrin a sì jókòó lórí àpò láàárọ̀, wọn a máa sọ̀rọ̀ òjò, wọn a máa sọ̀rọ̀ màlúù, wọn a máa purọ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń ba Oleta lẹ́rù, ọ̀kan ni ọba wọn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Wilma ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú ìtẹ́ adìyẹ láti kó ẹyin, ejò oníṣaworo sì ti ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀. Ejò yìí a máa mi ìrù rẹ̀ kó tó bu èèyàn jẹ, ìrù náà a sì máa dún ṣaa-ṣaa-ṣaa bí èso gbígbẹ nínú akèrègbè. Oleta gbọ́ ìró náà. Wilma náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rò pé adìyẹ ló ń ha koríko. Wilma kò kú. Ìka méjì ló bá a lọ. Ọgbẹ́ Wilma jinná, àmọ́ ìró yẹn kò kúrò létí Oleta. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Ejò kò bu Oleta jẹ o, síbẹ̀ bó bá ṣèèṣì rí okùn tí wọ́n fi ń di koríko nílẹ̀ lójijì, àyà rẹ̀ a là gààràgà.

Ó wá jẹ́ pé ìlú ejò ni orí gbé e sí. Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ń lọ tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, àwọn ọdẹ ejò a gun àwọn òkè olókùúta tó yí Harlow Flat ká, wọn a kó ejò oníṣaworo láàyè wá sínú ìlú nínú àpótí, ẹni tó ń rà á a sì wọ̀n ọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ ń di bẹ́líìtì, oró rẹ̀ ń di oògùn, ẹran rẹ̀ ń di ohun tí wọ́n ń dín jẹ. Àwọn àlejò a ti ọ̀nà jíjìn wá wòran. Kò sí yàrá tí kì í kún nílé àlejò, kò sí àga tí kì í kún nílé oúnjẹ Darla Beasley tó dojú kọ ìsọ̀ Oleta. Ohun tí Darla bá tà lópin ọ̀sẹ̀ ejò ló fi ń gbé ọdún ró. Oleta ní tirẹ̀, bí ọjọ́ náà bá ti pé, yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, yóò gba ọ̀dọ̀ Wilma lọ.

Ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń ya èso kúrò lára òwú ni wọ́n ti máa ń wọn ejò. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ìjì ti ká òrùlé ibẹ̀ lọ, òjò ò sì dá. Àwọn oníṣòwò ìlú wò yíká, ojú wọn sì bọ́ sórí ẹ̀yìn ìsọ̀ Oleta. Darla ni wọ́n rán.

"Àǹtí Oleta, ẹ jọ̀ọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni."

"Darla, ṣé orí rẹ pé? Ejò? Nínú ilé tí mo ti ń jẹun ọ̀sán?"

"Inú àpótí ni wọ́n máa wà. Àpótí tí wọ́n kàn níṣòó."

"Ejò mọ ìṣó ni?"

Darla rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Àǹtí, bí wọn ò bá rí ibi wọ̀n ọ́n níbí, ìlú kejì ni wọ́n máa kó o lọ. Bí wọ́n bá sì lọ lọ́dún yìí, wọn ò ní í padà mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọjà ṣe rí lójú pópó yìí. Ẹ wo báńkì, wọ́n ti tì í. Ẹ wo ilé aṣọ. Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ èmi ló kàn?"

Oleta yíjú síta. Ó ń wo ojú fèrèsé, ó ń rí àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì. Ó tún ń gbọ́ ohun tí wọn yóò máa sọ: pé ọmọ Otis ló ba ìlú jẹ́ nítorí ojo. Ẹnu ayé lẹbọ. Ẹ̀rù ejò ba Oleta, ẹ̀rù èèyàn sì tún bà á, ní ọjọ́ náà ẹ̀rù èèyàn ló borí.

Ó ní, "Kí wọ́n má ṣe mú un kọjá ilẹ̀kùn àárín o."

"Wọn ò ní í mú un kọjá, Àǹtí. Ọlọ́run á bù kún yín."

Bí wọ́n ṣe kó ejò wá nìyẹn. Wilma ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n Oleta kò lè fi ìsọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò àti ejò. Ó jókòó síwájú, ó fi òwú di etí, ó sì yí rédíò sókè. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti gbé àpótí tuntun wọlé lẹ́yìn, gbogbo ejò inú ilé a mi ìrù lẹ́ẹ̀kan náà, pákó ilẹ̀ a sì gbé ìró náà wá bá a lẹ́sẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ wọ oko àgbàdo gbígbẹ. Ó ń ta ìbọ̀wọ́, ó ń ta fìlà fún àwọn àlejò.

Ẹni tó ń ra ejò ni wọ́n ń pè ní Lonnie Teague, ọmọkùnrin gíga kan tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, tó sì mọ èèyàn bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó kó gbogbo àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó wá ṣí fìlà lórí fún Oleta.

"Mà, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín."

"Ṣé gbogbo wọn lo kó?"

"Gbogbo wọn pátá, mà."

Oleta da omi gbígbóná sí sìmẹ́ńtì náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì bó o bí ẹní fẹ́ bó awọ rẹ̀ kúrò. Ó mí kanlẹ̀. Ó rò pé ó tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tẹlifóònù ara ògiri dún.

"Mà, Lonnie ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ jókòó?"

"Mo dúró. Kí ló dé?"

"Ẹ jókòó ná, mà."

"Lonnie, sọ ọ́."

"Àpótí kan ni, mà. Nígbà tí a délé, igi ẹnu rẹ̀ ti yẹ̀. Àwọn yòókù wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni mi ò rí."

"Ọ̀kan báwo?"

"Èyí tó tóbi jù, mà. Ó lè jẹ́ ojú ọ̀nà ló já bọ́ sí o. Mo kàn ní kí n má fi pa mọ́ fún yín ni."

Oleta gbé tẹlifóònù kọ́, ó gun orí kántà, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ibẹ̀ ni Darla bá a nígbà tó wá gba kọfí, ó ká jọ sórí kántà bí ọmọ tí wọ́n ní kó má sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ìlú kó ara wọn jọ, Lonnie náà padà wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Wọ́n kó gbogbo àpò síta, wọ́n tan iná sí gbogbo igun, wọ́n tú koríko palẹ̀. Ìtẹ́ eku ni wọ́n rí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Wọn ò rí ejò. Wọ́n kó ẹrù padà, wọ́n gbọn ọwọ́ nù.

Ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Ó ti lọ, Oleta. Ejò kì í dúró síbi tí ariwo bá wà. Fọkàn balẹ̀."

Oleta ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò tẹ àkàsọ̀ onípákó tó wà níbẹ̀. Ńṣe ló fò ó kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni ìsọ̀ ti dá páropáro. Àwọn tó ní kò sí ejò ńbẹ̀ mọ́ ni wọn ò wọlé. Wọn a dúró síta, wọn a tẹ fèrè ọkọ̀, wọn a na orí jáde: "Màmá Oleta, ẹ bá wa gbé oúnjẹ adìyẹ méjì bọ̀!" Oleta nìkan ni yóò wọ inú ìsọ̀ lọ, yóò gbé e. Nígbà tó ṣe, fèrè náà dín kù. Wọ́n ti ń wakọ̀ lọ sí ìlú kejì.

Ó wọ bàtà aláwọ gígùn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tóbi fún un, ó sì ń kì í ní àkísà. Ó mú igi ọkọ́ kan, kó tó gbé àpò kankan, yóò fi gbá a, yóò dúró, yóò fetí sílẹ̀. Bí bébà bá gbọ̀n níwájú fáànù, òógùn a bò ó. Bí ẹ̀rọ omi dídì bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó di kó sá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń rù. Wilma pè é lórí tẹlifóònù, ó ní, "Ti ilẹ̀kùn yẹn pa, kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, Oleta. Kí lo fẹ́ fi ìsọ̀ ṣe?" Oleta ní òun gbọ́. Àmọ́ àsìkò tí màlúù ń bímọ ni, àwọn àgbà tí kò lè wakọ̀ jìnnà ṣì ń tẹ fèrè, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò dúró níwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, yóò máa bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbà láti gbéra.

Ohun tó wá bà á lẹ́rù jù lọ, kì í ṣe ohun tó rí, ohun tí kò rí mọ́ ni. Láti ìgbà Otis ni eku ti ń da ìsọ̀ náà láàmú. Kò sí àárọ̀ tí Oleta kì í gbá ìgbẹ́ eku, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í rán àpò tí wọ́n jẹ. Ó wá ṣàkíyèsí pé kò sí nǹkan tó ń gbá mọ́. Ó yẹ àpò wò: odidi. Ó yẹ abẹ́ kántà wò: mímọ́ tónítóní. Ó sọ ọ́ fún Darla nígbà tó sọdá lọ jẹun.

"Darla, eku ò sí nínú ìsọ̀ mi mọ́."

"Ẹ ò rí i! Ohun rere ló dé yẹn."

Oleta ṣáà ń wò ó.

Ṣíbí tí Darla fi ń ro ṣúgà dúró lójú kan. Ó ní, "Bóyá ológbò ni."

"Mi ò ní ológbò, Darla."

Darla bu páì sínú àwo fún un, kò sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń wọ ìsọ̀ náà jókòó láàárọ̀: Bàbá Hulen Moseley. Hulen ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ti da màlúù títí eegun ìbàdí rẹ̀ fi yẹ̀, etí rẹ̀ sì ti di. Ó ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ṣùgbọ́n inú àpò ẹ̀wù ló ń fi sí, ó ní kí bátìrì rẹ̀ má tètè kú. Nígbà tí wọ́n kìlọ̀ fún un nípa ejò, ó ní, "Ejò? Èmi ni mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kó kí mi." Orí àpò tó wà lábẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò tí kò dá fún ìgbà pípẹ́, oòrùn yọ. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí pákó bí ẹní. Bàbá Hulen na ẹsẹ̀ sínú oòrùn náà, ó di ife kọfí mú, ó ń sọ ìtàn ìbaaka kan tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Oleta ti gbọ́ ìtàn náà rí ju bó ṣe lè kà lọ. Ó wà lẹ́yìn kántà, ó ń wọn irúgbìn.

Ó gbọ́ ìró kan.

Ó kọ́kọ́ rò pé irúgbìn tí òun ń dà ni. Ó dá ọwọ́ dúró. Ìró náà kò dúró. Ṣaa-ṣaa-ṣaa. Orí rẹ̀ wú. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì rí i. Láàárín pákó ilẹ̀ àti àpò tí Hulen jókòó lé, ejò náà ti jáde wá yá oòrùn, ó ti ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó gbé orí sókè, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè mú un. Bàbá Hulen kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń fi ẹsẹ̀ ṣe bí ìbaaka náà ṣe ń rìn.

Ó ní, "Páásítọ̀ wá ní kó jáde, ìbaaka wo Páásítọ̀ báyìí..." Ẹsẹ̀ rẹ̀ fì lọ, ó fì bọ̀. Orí ejò ń tẹ̀ lé e, sọ́tùn-ún, sósì.

Oleta la ẹnu, ohùn kò jáde. Bó bá tiẹ̀ jáde, ta ni yóò gbọ́ ọ? Bó bá juwọ́ sí i, Hulen yóò rò pé ó ń pe òun ni, yóò sì dìde. Bó bá sáré jáde lọ pe Darla, kó tó dé ibẹ̀, ejò ti bù ú jẹ. Ara ọgọ́rin ọdún kò sì lè gbé oró yẹn. Ó mọ gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di òpó. Nínú ara rẹ̀ níbi tó jìn, ohun kan ń sọ fún un pé kó gun orí kántà.

Bó ṣe dé ibi tí àwọn báàfù onípáànù wà, títí dòní kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà bá ọ̀kan lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú bàtà Otis, torí ó mọ̀ pé pákó ń gbé ìrìn dé ọ̀dọ̀ ejò. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò mọ̀.

Bàbá Hulen rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú báàfù. Ó ní, "Kí lèyí? Ṣé o fẹ́ wẹ̀ fún mi ni, ọmọ Otis?"

Oleta gbé àtẹ́lẹwọ́ kan sókè sí i: dúró. Ojú tó rí lójú obìnrin náà mú kí Hulen dá ẹsẹ̀ dúró. Orí ejò náà dúró. Ìṣẹ́jú kan yẹn, gbogbo nǹkan inú ìsọ̀ dúró, àfi ìrù yẹn.

Oleta da báàfù náà bo ejò mọ́lẹ̀.

Gbàù! Ejò ta páànù nínú. Ṣùgbọ́n etí báàfù kan kò kanlẹ̀. Ó gun orí ìka bàtà Hulen, àlàfo sì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ lè gbà kọjá. Oleta rí àlàfo náà. Ó fi ìkúùkù gbá orúnkún bàbá àgbàlagbà náà tagbáratagbára. Hulen ké, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, báàfù balẹ̀, Oleta sì já lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ìdí rẹ̀.

"Oleta! Kí ni mo ṣe fún ọ? O fẹ́ kán mi lẹ́sẹ̀!"

Oleta jókòó lórí báàfù, ó di etí báàfù mú lọ́tùn-ún lósì, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Abẹ́ rẹ̀ ń dún, ó ń ta, ó ń dún. Kò lè sọ̀rọ̀. Hulen ń wò ó, ó rò pé àìsàn ló dé sí i.

"Ṣé orí ń fọ́ ọ ni? Ṣé kí n bu omi wá?" Ó tẹ̀ síwájú láti gbé e dìde, ó sì fi ọwọ́ ti ara báàfù náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Páànù náà ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò fi etí gbọ́ fi ọwọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "Oleta. Má dìde o. Ọmọ dáadáa, má dìde."

Bàbá àgbàlagbà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta iyọ̀ tó jẹ́ pé bí ọ̀dọ́ bá gbé e, yóò mí gúlegúle. Ọ̀kan, ó gbé e sórí báàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí Oleta. Ó jókòó, ó mí, ó di àyà mú. Ẹ̀rù tuntun tún ba Oleta: bí bàbá yìí bá ṣubú kú níbí ńkọ́, ta ni yóò gbé òun kúrò lórí nǹkan yìí? Hulen tún dìde, ó gbé èkejì wá. Ó gbé òmíràn. Nígbà tó tó, ó di Oleta lápá méjèèjì, ó fà á dìde bí ẹní fa ọmọ jáde lẹ́nu kànga. Àwọn méjèèjì fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Oleta ti rí ohùn, ó sì fi ké títí gbogbo ilé oúnjẹ Darla fi tú jáde.

Lonnie dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ìlú dúró síta, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Ó gbé òkúta iyọ̀ kúrò, ó fi ìkọ́ gbé báàfù, ó gbá ejò mú, ó jù ú sínú àpótí, ó sì dè é. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lonnie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo inú àpótí náà láti ẹnu wáyà, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Mà, èyí kì í ṣe tèmi."

Darla ní, "Báwo ni kò ṣe ní í jẹ́ tìẹ?"

"Tèmi jù báyìí lọ dáadáa. Ìrù tèmi sì ti gé, kì í dún púpọ̀. Èyí, ara rẹ̀ pé. Bóyá òjò ló lé e wọlé fúnra rẹ̀, bóyá inú àpótí ẹlòmíì ló ti jáde, mi ò lè sọ."

Ariwo àtẹ́wọ́ kú. Oleta fara ti ọkọ̀ kan, ó rọra jókòó sílẹ̀.

"Kí ló wí?" Bàbá Hulen ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. "Kí ló wí?" Darla tẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó pariwo rẹ̀. Hulen mi orí. Ó ní, "Wọ́n ní àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Wọ́n ti wá gbọ́n nìyẹn." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú pákó ilẹ̀ ìsọ̀ náà, èyí tí wọn ò rò láti tú nígbà àkọ́kọ́. Lábẹ́ ibẹ̀ wọ́n rí ihò kan tó gba abẹ́ ògiri jáde sí pápá, wọ́n sì rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Lonnie nà án sójú pópó. Ó gùn ju èèyàn tó ga jù nínú wọn lọ. Awọ ló rí. Kò rí ẹni tó ni ín. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ihò náà, wọ́n kan pákó padà, Lonnie sì bẹ Oleta títí ojú fi tì í. Ẹnikẹ́ni kò rí ejò Lonnie náà mọ́.

Àwọn oníbàárà ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kọ́kọ́ wá wo báàfù tó tẹ̀ níkùn. Àwọn eku náà padà. Lọ́jọ́ tí Oleta kọ́kọ́ rí ìgbẹ́ wọn lábẹ́ kántà, ó jókòó, ó sunkún ayọ̀. Kò sì sí ẹni tó pè é ní Ẹ̀rù-ń-bà-mí mọ́ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà bá a mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò jáwọ́ nínú bàtà gígùn. Kò jáwọ́ nínú gbígbá àpò kó tó gbé e.

Nígbà tí òtútù ọdún kejì ń lọ, Darla sọdá wá. Wọn kò tíì rí òrùlé fi sí ilé òwú. Ó jókòó sórí àga gíga tó wà níwájú kántà, ó ń fi ìka yí etí ife kọfí ká.

"Àǹtí Oleta, ẹ ti mọ ohun tó gbé mi wá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Rárá."

Darla dúró bí ẹni tó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. Kò sí ìyókù.

"Ẹ ti gbé e rò, Àǹtí? Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀ o."

"Kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ lọ pa àgọ́ sí pápá."

"Ẹ̀ ń bínú sí mi nìyẹn."

"Mi ò bínú, Darla. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ fi báàfù bo ejò mọ́lẹ̀?"

"Ṣé o rò pé ẹ̀rù ò bà mí lọ́jọ́ yẹn ni?"

Darla wo ilẹ̀ pákó náà, níbi tí ìṣó tuntun ti ń dán láàárín ìṣó àtijọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rò pé ó ṣì wà níbí?"

"Mi ò mọ̀."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ẹnì kan ń béèrè oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀yìn pátápátá ni oúnjẹ náà sì wà, nínú òkùnkùn. Oleta mú igi ọkọ́ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn àárín, ó gbá férémù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó fetí sílẹ̀, ó sì wọlé lọ. Darla tí ó jókòó síwájú kántà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀.